Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Káàdì Àbùùbùtán

Èmi tí mi ò tíì fojú kan òkun rí ni wọ́n gbé iṣẹ́ àbùùbùtán lé lọ́wọ́. Omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ kò ju odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé bàbá mi lápá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, èyí tí kì í mu ènìyàn kọjá orúnkún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ní òyìnbó kan tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní yunifásítì ń wá obìnrin tó mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò, tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó júwe mi fún un kò purọ́. Lọ́dún yẹn, mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Yàrá kan ni mò ń gbé ní Agbowó, nínú ilé tuntun tí òórùn sìmẹ́ńtì kò tíì kúrò lára ògiri rẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ mi wà lójú omi. Atukọ̀ ni; ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ti Àpápá lọ sí ìlú òyìnbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Kòkó àti epo ni wọ́n ń kó lọ, wọ́n á sì kó irin àti aṣọ bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé. "Ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà báyìí ju iye ọjọ́ orí tó wà nígbà náà lọ, "ó" ni n ó máa pè é nínú ìwé yìí. Kó má bínú sí mi.

Iṣẹ́ ọ̀gá mi kò ṣòro láti ṣàlàyé. Irú àbùùbùtán kan wà tó yọ iké lẹ́yìn, tí apá rẹ̀ gùn bí àjẹ̀ ọkọ̀. Inú òkun tó tutù bíi yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n bí òjò tiwa bá ti ń rọ̀, wọ́n á wẹ̀ wá sínú òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lápá ọ̀dọ̀ wa wá bímọ. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ dé, wọ́n á kó ọmọ wọn, wọ́n á padà. Ọ̀gá mi tètè bá mi wí pé kí n yéé pè é ní ẹja, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń mí, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn ọkọ̀ ọdẹ ti pa wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó mọ iye tó kù. Ó bi mí ohun tí Yorùbá ń pè é, mo sọ fún un, mo sì túmọ̀ rẹ̀: ohun tí a ń bù, tí a ń bù, tí kì í tán. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò tíì pàdé àwọn èèyàn òun ni.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń tọpasẹ̀ wọn. Ti àkọ́kọ́ burú létí mi. Wọ́n máa ń fi ìbọn yin irin kan sínú ẹ̀yìn ẹranko náà, irin kékeré tí wọ́n ti gbẹ́ nọ́ńbà sí lára. Ọgbẹ́ náà á jinná, yóò sì máa gbé irin kiri inú òkun. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ọdẹ bá pa á, tí wọ́n bá ń kun ún, wọ́n á bá irin náà láàárín ẹran, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tó mọ ibi tó rìn dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti yìn ín. Mo bi í pé ṣé ìgbà tó bá kú nìkan ni wọ́n tó lè mọ ibi tó lọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú ọ̀kan jáde nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó fi sí mi lọ́wọ́. Ó tutù. Mo dá a padà fún un kíákíá.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ tèmi. Ọ̀gá mi tẹ káàdì, ó ń pín in fún àwọn ọkọ̀ òkun tó ń gúnlẹ̀ sí Àpápá. Bí àwọn atukọ̀ bá rí àbùùbùtán, wọn yóò kọ ọjọ́ náà sí i, nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ọkọ̀ wà lójú òkun, iye ẹranko tí wọ́n rí àti ibi tó dojú kọ. Ẹ̀yìn káàdì ṣófo fún ohunkóhun mìíràn tí wọ́n bá kíyè sí. Bí káàdì bá dé, n ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ńlá, n ó sì gún abẹ́rẹ́ olórí kan mọ́ máàpù tó gba ògiri kan tán nínú ọ́fíìsì wa. Olórí pupa ni ti àgbà. Olórí funfun ni ti ìyá tó ní ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Páálí abẹ́rẹ́ pupa ń tán, a ń ra òmíràn. Ti funfun wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe rà á.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ wa níbí, nítorí láìsí i, ohun tó kù kò ní yé ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́rin ló lò. Ibà ló mú un, ọjọ́ mẹ́ta péré. Ọkọ mi wà lójú omi nígbà tí mo bí i, ó sì wà lójú omi nígbà tó kú. Kò fojú kàn án rí. Àwọn àgbà ilé ló gbé e lọ sin. Wọn kò fi ibẹ̀ hàn mí, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Mo wá ń jókòó lójoojúmọ́ níwájú máàpù tí mo ti mọ ibi tí àbùùbùtán tí kò mọ̀ mí rí wà lọ́jọ́ báyìí, ní agogo báyìí.

Nígbà tí ọkọ mi wálé lẹ́yìn ikú ọmọ náà, ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Mo ń dúró kó bi mí bí ọmọ náà ṣe rí. Mo ti to ìdáhùn mi sílẹ̀: pé etí rẹ̀ jọ tirẹ̀, pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ọwọ́ pa á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò béèrè. Ó tún ẹsẹ̀ tábìlì ṣe, ó tún fèrèsé ṣe, ó kan ìkọ́ aṣọ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni pé ogún èèyàn ló ń gbé yàrá náà. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo kó òkìtì káàdì kan fún un, mo ní ọ̀gá mi á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá lè bá wa kọ ọ́, nítorí òun ló máa ń ṣọ́ iwájú ọkọ̀ lójú mọmọ. Ó tò wọ́n sínú àpótí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn pé ó rí nǹkan gbà lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Lẹ́tà Yorùbá gbọ́dọ̀ béèrè ilé, kó sì béèrè ọmọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni pẹ́ńù rẹ̀ máa ń gan. Nítorí náà, nígbà tí káàdì rẹ̀ àkọ́kọ́ dé pẹ̀lú sítáǹbù ìlú tí mi ò mọ̀, mo kọ́kọ́ jókòó. Àbùùbùtán méjì, wọ́n dojú kọ gúúsù. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ìkọ̀wé rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ní Yorùbá: "Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti san."

Mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan, nínú ọ́fíìsì òyìnbó. Mi ò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ọ̀gá mi yọjú, ó béèrè ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì, nítorí kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo ní wọ́n kọ ọ́ pé àwọn ẹranko náà ń lọ jẹ́jẹ́. Ohun tí mo sì tẹ̀ sínú ìwé ńlá nìyẹn.

Òmíràn tún dé: "Ọbẹ̀ ọkọ̀ yìí kò níyọ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ pé kò sí àkíyèsí kankan. Òmíràn: "Mo lá àlá ilé, ilẹ̀kùn wa wà ní ṣíṣí." Kò sí àkíyèsí kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ mẹ́sẹ́ńjà ṣe. Èmi fúnra mi ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì gba Ṣàngó àti Mọ́kọ́lá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dúgbẹ̀ láti gba lẹ́tà ọ́fíìsì. Mẹ́sẹ́ńjà rò pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó ń fojú burúkú wò mí. N kò lè ṣàlàyé fún un. Lórí máàpù, abẹ́rẹ́ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í tò láti Èkó gba etí òkun lọ sókè títí dé ìlú òyìnbó. Ẹni tó bá wò ó yóò rò pé ọ̀nà àbùùbùtán ni. Ọ̀nà ọkọ mi ni.

Mo ń dá wà nígbà náà gan-an. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo máa ń rìn lọ sí Bódìjà lọ wo àwọn ilé tuntun, níbi tí tọkọtaya ti ń bomi rin òdòdó níwájú ilé. N ó rìn wọ òpópó kan, n ó rìn jáde ní òmíràn, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé báwo ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ló ju ẹ̀rọ sísàlẹ̀ òkun tó sì gba ohùn kan, ó sì dá ọ̀gá mi lójú díẹ̀ pé ohùn àbùùbùtán ni. Ó ń lọ sókè, ó ń rọlẹ̀, á dákẹ́ pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ pa á.

Ọkọ mi tún wálé ní àkókò òjò tó tẹ̀lé e, ọjọ́ mẹ́ta. A jókòó sí fàráǹdà, mo sì bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

"Àwọn ẹranko yìí, ṣé ẹ̀yin ń rí wọn lóòótọ́?"

"Mo rí ti àkọ́kọ́."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Káàdì ò ṣeé fi ránṣẹ́ lófìfo," ló wí.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní òun nìkan ni ọdẹ tó ń bí ẹran dípò kó pa á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n ti sọ fún un nígbà náà pé kó má ṣe é mọ́. Mi ò sọ ọ́. Mo fún un ní káàdì mìíràn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọyẹ́ ọdún náà dé, ọ̀gá mi dúró síwájú máàpù fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní ó jọ pé àbùùbùtán pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ. Ìròyìn kan wà tó ń kọ, tí yóò dé iwájú àwọn tó ń pinnu iye tí ọkọ̀ ọdẹ lè pa. Bí wọ́n bá gbà pé wọ́n ṣì pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, wọn yóò tún fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Ó ní òun máa kọ ohun tí káàdì bá sọ, kò sí bí òun ṣe lè ṣe é. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, mo ń tẹ ìròyìn náà fún un, mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń tẹ̀, mi ò sì dúró. Bí mo bá sọ̀rọ̀, káàdì á dópin. Bí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọ́n á pa ẹranko tí kò ṣẹ̀ mí torí kí n lè mọ̀ pé ọbẹ̀ ọkọ mi kò níyọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé e mọ́ra. Ọyẹ́ ti dé nígbà náà, ètè gbogbo ènìyàn ti ń bó, gbogbo àbùùbùtán ti yẹ kó wà lọ́nà ilé. Mo lọ sí Dúgbẹ̀, mo bá káàdì kan. Àgbà kan, ọmọ kan. Wọn kò lọ síbi kankan, wọ́n dúró lójú kan ni. Mo yí i padà.

"Ìyá àti ọmọ. Ọmọ náà wà láàyè."

Mo kà á lójú títì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́, táásì ń fọn fèrè fún mi. Inú bí mi gidigidi. Ọkùnrin tí kò bi mí rí bóyá ọmọ wa ní irun lórí, òun ló wá jókòó sójú omi tó ń fi íǹkì bí ọmọ fún mi sẹ́yìn káàdì, tó tún ní ó wà láàyè. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti Dúgbẹ̀ dé Agbowó, mi ò bo ojú mi. Mo wọ ọ́fíìsì, mo gún abẹ́rẹ́ funfun àkọ́kọ́ mọ́ máàpù bí iṣẹ́ mi ṣe rí, mo wá tọ ọ̀gá mi lọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. Ó ní kí n kó gbogbo káàdì ọkọ mi jáde, a jókòó, a sì fi íǹkì pupa fagi lé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tún ìròyìn náà tẹ̀ láìsí wọn. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, ó ní bí ẹlẹ́rìí bá ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí bí òun ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo fọwọ́ ara mi yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára máàpù, àti funfun kan ṣoṣo náà. Ihò wọn kò parẹ́ lára ìwé. Ọ̀gá mi kọ̀wé sí àwọn tó ni ọkọ̀ tí ọkọ mi wà pé kí wọ́n má ṣe gba káàdì fún wa mọ́. Èmi náà kọ lẹ́tà sí ọkọ mi, ìlà mẹ́ta: pé ọ̀gá mi ti mọ̀, pé kó má fi káàdì ránṣẹ́ mọ́, pé ọmọ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣeré.

Kò fèsì. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo gbọ́ pé ọkọ̀ wọn ti gúnlẹ̀ sí Àpápá. Mo fọ aṣọ ibùsùn, mo ra iyọ̀ tuntun. Ọjọ́ kẹrin ni ọkùnrin kan tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ wá kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé àpótí ọkọ mi lọ́wọ́. Ó ní ọkọ mi ti sọ̀kalẹ̀ nílùú òyìnbó, ó ti rí iṣẹ́ sí èbúté kan níbẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo bi í pé èbúté wo. Kò mọ̀. Òkìtì káàdì tó kù wà nísàlẹ̀ àpótí náà, ó fi okùn dì wọ́n, kò sí ohun tó kọ sí ìkankan.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi mú káàdì kan wá, ó gbé e sórí ẹ̀rọ mi, kò sì lọ. Láti ọwọ́ ọkọ̀ mìíràn ni, ti orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn tó máa ń kó káàdì wọn jọ títí ìrìn àjò á fi parí. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Mo wo nọ́ńbà ibi tí wọ́n wà. Méjèèjì bá ti káàdì ọkọ mi mu. Wọ́n rí ìyá àbùùbùtán kan tó léfòó lójú kan, ọmọ rẹ̀ kékeré wà lábẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ náà kò lágbára, ṣùgbọ́n ó ń mí. Wọ́n ní àwọn dẹ eré ọkọ̀, àti pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti Èkó dẹ eré pẹ̀lú, ọkùnrin kan sì dúró síwájú rẹ̀ tó ń wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá.

Ọ̀gá mi ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ìyá tó dúró de ọmọ tí kò lè rìn, lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ ti lọ. Ó ní káàdì méjì láti inú ọkọ̀ méjì kò ṣeé jiyàn rẹ̀. Ó ní kí n wá ti ọkọ mi jáde, kí n dá a padà sínú ìwé. Lẹ́yìn náà ó rọra béèrè, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn, pé kí ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí ọkọ mi láti ìgbà náà, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ nílùú òyìnbó, wọ́n sì padà sí Dúgbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òyìnbó lórí wọn pé a kò mọ ẹni náà níbí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo fi abẹ́rẹ́ olórí funfun náà padà sínú ihò rẹ̀, mo sì jókòó sídìí ẹ̀rọ. Òun ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo túmọ̀ rí fún ọkọ mi bó ṣe kọ ọ́, láìyọ kúrò, láìfi kún un. Mo tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo wá kà á sókè ní Yorùbá fún ọ̀gá mi tí kò gbọ́ ọ: ìyá àti ọmọ, ọmọ náà wà láàyè.